Híítà ní Ìjẹ̀bú-Òde: fáànù ọkọ̀ MGB àtijọ́ tí mò ń tún ṣe

Sátidé kìíní

"Híítà? Ní Ìjẹ̀bú? Ṣé ooru ò tíì mú ẹ tó ni?"

Ohun tí ìyá mi sọ nìyẹn nígbà tí mo ní fáànù híítà ni mo fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ tún ṣe. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tí kò bá tíì wa ọkọ̀ tí kò ní éásì láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣágámù nínú òjò oṣù Agẹmọ, kò lè yé e. Wíńdò ò ṣeé ṣí, òjò á wọlé. Ẹ ti í tán, èémí ẹ̀yin méjì tí ẹ wà nínú ọkọ̀ á bo gíláàsì iwájú bíi kùrukùru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ kan ni mo fi di sítẹ́rìn mú, mò ń fi èkejì nu gíláàsì pẹ̀lú àkísà, iná tírélà sì ń bọ̀ níwájú. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá tún híítà ṣe, torí atẹ́gùn gbígbóná rẹ̀ ló ń lé kùrukùru yẹn kúrò lójú gíláàsì.

Ìdí kejì tún wà, òun gan-an ni mi ò sọ fún ìyá mi, torí wọn ò ní gbà á gbọ́ láéláé. Màá dé ibẹ̀.

Ọkọ̀ náà ni MGB GT ti ọdún 1972, ẹ́ńjìnnì 1798 cc. Abingdon ní England ni wọ́n ti ń ṣe MGB láti 1962 títí di 1980. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fi kọ̀ǹténà gbé tiwa wálé láti Ìlú Ọba. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, ó wà lábẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún ọdún mọ́kànlá kí n tó lọ wọ́ ọ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé igi fúrúùtù yẹn.

Iṣẹ́ tòní ò pọ̀. Mo tan swíìṣì fáànù, kò dún rárá. Tráfíkétọ̀ ń ṣẹ́jú, iná bíréèkì ń tàn, fíúsì kan náà ló sì ń gbé iná lọ fún wọn àti fáànù, torí náà kì í ṣe fíúsì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ wáyà lẹ́nu mọ́tọ̀ fáànù, mo fi mítà sí i: fólìtì 12.1. Iná ń dé. Mọ́tọ̀ ni kò gbà á.

Mo dá wáyà padà, mo fi ìdí skúrùdíráfà gbá a lẹ́yìn. Ó ní "kùn", ó yí díẹ̀, ó tún dákẹ́. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn! Mọ́tọ̀ tó bá dáhùn ìgbájú, káábọ̀n rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń gbé iná wọ ara ibi tó ń yí nínú mọ́tọ̀, ló sábà máa ń jẹ́.

Sátidé kejì

Gbogbo ẹni tó bá ti ní MGB rí ló ń bẹ̀rù àpótí híítà rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló wà, ó há mọ́ ara irin tó pín iwájú ọkọ̀ sí inú, fóòmù àtijọ́ sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ bí àmàlà tó sùn mọ́ ìkòkò. Kí ó tó jáde, èèyàn á tú dáṣíbọ́ọ̀dù, á tú họ́ọ̀sì omi gbígbóná, á sì búra pé òun ò ní ra ọkọ̀ àtijọ́ mọ́. Èmi náà ti ń múra ìjà. Mo ti pa gààrí mọ́, mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kó má retí mi lọ́sàn-án.

Mo wá wò ó dáadáa. Mọ́tọ̀ yẹn, iwájú àpótí ló wà, ó kọjú sí ẹ́ńjìnnì, skúrù mẹ́ta péré ló sì dì í mú. Àpótí ò ní láti kúrò níbi tó wà! Mo yọ wáyà bátìrì kúrò ní àkọ́kọ́ (bátìrì rẹ̀ jẹ́ méjì, fólìtì mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí), mo tú skúrù méjì òkè ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀kẹta, ti ìsàlẹ̀, gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó ti dípẹtà, ojú ò rí i, ìka nìkan ló ń mọ ibi tó wà. Mo rọ ọ́ìlì sí i, mo lọ mu gààrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, mo padà wá. Ó gbà.

Mọ́tọ̀ jáde pẹ̀lú fáànù lórí. Ohun tí mo rí nínú ihò tó jáde nínú rẹ̀ ló mú mi jókòó sílẹ̀. Ewé fúrúùtù, ọdún mọ́kànlá gbáko. Ihò kan wà níwájú gíláàsì ọkọ̀ yìí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já bọ́. Àwọn tòkè ṣì rí bí ewé, àwọn tìsàlẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn. Rọ́bà kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó yẹ kó máa da omi òjò jáde sábẹ́ ọkọ̀. Ó ti dí pátápátá. Ìyẹn ni pé gbogbo òjò tó ti ń rọ̀, inú ibẹ̀ ló ń dúró sí. Mo ti ń bínú sí ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn tipẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ dírẹ́bà máa ń tutù, kò mọ nǹkan kan o. Ọ̀gá, ẹ foríjì mí.

Mo fi wáyà gígùn gún rọ́bà náà. Ó kọ́kọ́ ń kán tó-tó-tó, lẹ́yìn náà ó tú bíi omi ẹ̀rọ.

Lára abẹ fáànù fúnra rẹ̀, agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti kọ́ yàrá mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fáànù tó bá wúwo níhà kan báyìí, bó bá tilẹ̀ yí, á máa gbọ̀n títí yóò fi jẹ bọ́ṣì rẹ̀, ìyẹn òrùka tí irin àárín rẹ̀ ń yí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé

Lẹ́yìn ilé ìwé, mo gbé mọ́tọ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Rìwáyà ní Fọlágbàdé. Wọn ò bi mí léèrè kankan nípa híítà. Wọ́n fi ìka méjì yí irin àárín rẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ létí.

"Tíṣà, kò jó. Ebi káábọ̀n ló ń pa á."

Wọ́n ṣí i. Káábọ̀n kan ṣì dára, èkejì ò ju èékánná lọ, kò lè kan bàbà mọ́. A ò rí irú rẹ̀ rà ní Òkè-Ajé, mi ò sì retí pé a máa rí i. Bàbá mú káábọ̀n jẹnẹrétọ̀ kan tó ti kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi há sìmẹ́ǹtì ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á fi sínú ilé rẹ̀ wò, wọ́n á tún yọ ọ́. Sáńpépà ni wọ́n fi parí rẹ̀. "Tó bá há jù, kò ní sọ̀kalẹ̀ bó bá ṣe ń jẹ. Tó bá gba ara ẹ̀ jù, á máa ta iná." Wọ́n fi òjé jó okùn bàbà rẹ̀ mọ́ ibi tí ti àtijọ́ wà, wọ́n wá fi bíléèdì ha ìdọ̀tí dúdú kúrò láàárín àwọn bàbà tí káábọ̀n ń fi ara lé.

Èmi fẹ́ fi gíríìsì sí bọ́ṣì. Wọ́n gba ọwọ́ mi. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, ẹ̀kán mẹ́ta ní orí kọ̀ọ̀kan, kí bọ́ṣì mu ún dáadáa. Gíríìsì á dì síta ni, kò ní wọlé.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Mo fi ẹgbẹ̀rún kan lé e, wọ́n sì gbàdúrà fún mi.

Sátidé kẹta

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. (Skúrù ìsàlẹ̀ yẹn, mo fi amọ̀ díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mórí skúrùdíráfà kó má baà já bọ́. Amọ̀ agbọ́n ni. Wọ́n jẹ mí lówó ilé.) Mo tan swíìṣì: fáànù ń yí, ó ń dún geere, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń jáde ò lè pa iná àbẹ́là. Mo yọ họ́ọ̀sì, mo wo ojú ihò, mo fura sí ewé, mo fura sí Bàbá Rìwáyà, Ọlọ́run dárí jì mí. Wákàtí kan gbáko kí n tó rí i pé èmi ni mo yí wáyà méjèèjì padà. Òòfà ló wà nínú mọ́tọ̀ yìí, bí o bá yí wáyà rẹ̀, òun náà á máa yí sódì, bẹ́ẹ̀ abẹ fáànù ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ sódì. Mo pààrọ̀ wáyà.

Mo wá tẹ orí sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí n lè gbọ́ ìró rẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Gbogbo èérún ewé tó kù nínú ihò, ojú mi ni wọ́n gbà jáde. Ọmọ mi obìnrin ní mo dà bí eégún.

Ọjọ́rú, ọ̀nà Ṣágámù

Ìdí kejì tí mo ní màá sọ rèé. Híítà ọkọ̀ àtijọ́, rédíétọ̀ kékeré ni: omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tí o bá ṣí i tán, tí o sì tan fáànù, ó ń gba ooru lára ẹ́ńjìnnì, ó ń dà á sára rẹ.

Góósíló mú wa níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ti bá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn pàdé. Ogún ìṣẹ́jú, a ò tíì rìn ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn kúrò ní N, tó dára, ó ń gòkè lọ sí H, tó gbóná jù. Mo ṣí wíńdò méjèèjì, mo yí híítà sí gbígbóná jù, mo tan fáànù. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó ti mí wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Òógùn bò wá. Abẹ́rẹ́ dúró. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá na ọwọ́ wọlé láti gba owó. Atẹ́gùn gbígbóná gbá a lọ́wọ́, ó fà á padà kíá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde o! Ọkọ̀ yín ń jóná!"

Mo ní kó fún mi ní mẹ́rin tó tutù jù.