Ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù ọmọ mi

Ẹ̀yin òbí oníṣẹ̀ṣe ẹgbẹ́ mi, àbọrú àbọyè. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì pé oṣù kan, ó ṣì ń ta mí lára, ẹ má bínú bí ohùn mi bá le. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún wa. Ọmọ á jí, á wọ yunifọ́ọ̀mù, á fa ọwọ́ aṣọ bo ìdè Ifá, ìlẹ̀kẹ̀ tí a so mọ́ ọn lọ́wọ́, á lọ dúró lórí ìlà. Wọ́n á gba Àdúrà Olúwa, wọ́n á ka Fátíhà tẹ̀ lé e. Tiwa ò sí níbẹ̀, a kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Mo ti rò pé ọgbọ́n ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12 tó wà ní JSS2, ti ilé ìwé dé, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò kí mi. Nígbà tí mo pè é, ó gbé àpótí onípáànù tó ń kó kọ́ńpáàsì sí wá, ó ṣí i síwájú mi. Ìlẹ̀kẹ̀ ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé àti èyí tó pupa rúsúrúsú, wọ́n pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú òwú tí a ti gé. Ó ní, “Mọ́kànlélógún ni mo rí ṣà, bàbá mi. Àwọn yòókù ti yí wọ gọ́tà.”

Tíṣà kan ló rí ìdè lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tò láàárọ̀, ó ní kó jáde síwájú, ó bi í pé kí ló so mọ́ ọwọ́. Ọmọ ní ìdè Ifá ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà mú àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé irun àwọn ọmọkùnrin tí irun wọn bá ti gùn jù, ó ní kó na ọwọ́. Mo bi ọmọ mi pé, “Kí ni ìwọ wá ṣe?”

“Wọ́n ní kí n na ọwọ́, mo sì nà á.”

Ìyá mi ló so ìdè yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a fún un ní ọwọ́ Ifá kan, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ tí a fi ń gba ọmọ sínú Ifá. Ọwọ́ kan náà ló nà fún àlùmọ́gàjí, nítorí àwa la kọ́ ọ pé tí àgbà bá sọ̀rọ̀, kó ṣe é. Mi ò sùn lóru yẹn.

Ilẹ̀ mọ́, mo mú un lọ́wọ́, a dé ilé ìwé kí wọ́n tó ṣí géètì. Gbogbo òru ni mo ti fi to ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ilé ìwé ìjọba ni wọ́n wà. Pé orúkọ ìjọ tó wà lára ògiri kò sọ ọ́ di ilé ìjọsìn, ìjọba ti gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ láti nǹkan bí ọdún 1975. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ní ọdún 2023, ìjọba Ọ̀ṣun tiwa yìí, àti Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó, fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọlidé nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. (Ẹ tiẹ̀ rò ó wò: oṣù kẹjọ ni, ọmọ gbogbo ti wà nílé fún ọlidé ńlá. Ọmọ wo ló máa rí i pé ìjọba bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn ẹni tó jókòó tì í ní kíláàsì?)

Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ. Ọ̀gá ilé ìwé ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní kí akọ̀wé gbé fáìlì kan wá, fáìlì búlúù tí etí rẹ̀ ti ya. Ó ṣí i, ó yí i sọ́dọ̀ mi, ó fi ẹnu bírò sí ibì kan. Wọ́n kọ “Religion” síbẹ̀. Ẹni tó kọ ìdáhùn kọ “Christianity”. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Èmi nìkan ni mo máa ń fa ìrù “y” gùn báyẹn.

Bírò gòkè sórí ìlà orúkọ. Orúkọ tí ìyá mi fún ọmọ yìí, Ifá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wà nínú fọ́ọ̀mù, Olú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, àbí wọ́n bá yín kọ ọ́ ni?”

Ẹnu mi gbẹ. Ó ní tíṣà òun rí ọmọ Kristẹni tó so ìlẹ̀kẹ̀ Ifá, ó rò pé ẹnì kan ló fi nǹkan de ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé àwáwí ni, nítorí ọmọ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí i sọ. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó na ọrùn, ó ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó padà wo bàtà mi. Kò gbé ojú kúrò lára bàtà yẹn títí a fi jáde.

Mo ti lọ sí òkú, mo ti pàdánù ọjà, kò sí èyí tó rí báyẹn lára mi.

Ẹ má purọ́ fún mi pé ẹ̀yin ò ṣe é rí. Ọmọ ní láti ṣe CRK tàbí IRK, ìkẹta ò sí. Akọ̀wé á máa wò yín, àwọn ènìyàn á tò sẹ́yìn yín, ẹ̀yin á kàn kọ èyí tí kò ní mú ìbéèrè wá. Mo sọ fún ara mi pé ìwé lásán ni, Ifá mọ ọmọ rẹ̀. Ìwé lásán yẹn ni wọ́n gbé síwájú mi lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ rántí fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ́ síbẹ̀. Bí kò bá sí àyè, ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé.

Alhaji kan tí ilé wa jọ kọjú síra ló gbà mí. Gbogbo wa la rántí bí Ìwó ṣe gbóná ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí kóòtù gíga Ọ̀ṣun dá híjáàbù láre, tí àwọn ọmọ Kristẹni kan wọ aṣọ kóòrù àti sùtánà wá sí kíláàsì láti fi tako ìdájọ́ náà. Ọ̀rọ̀ híjáàbù ti kan ọmọ tirẹ̀ náà rí. Òun ló fi abala 38 òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 hàn mí: olúkúlùkù ló lómìnira láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní gbangba, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní ní 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ 5 nínú 7 ní kóòtù tó ga jù lọ ló fọwọ́ sí híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba Èkó. Lóòótọ́, wọn ò dárúkọ ìdè. Ṣùgbọ́n abala 38 náà ò dárúkọ híjáàbù.

Àwọn ará ilé ní kí n pe ilé ìwé lẹ́jọ́. Ẹjọ́ Èkó yẹn, ọdún 2014 ni kóòtù gíga ti kọ́kọ́ dá a. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ mi á ti parí ilé ìwé kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, a kọ lẹ́tà, mo mú ẹ̀dà méjì lọ, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n pè mí, tíṣà bẹ ọmọ lójú mi, ìyá mi so ìdè mìíràn. Ó ti parí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra Kristẹni o. Ìyá ìyàwó mi, aládùúrà ni, sùtánà rẹ̀ funfun ju ti gbogbo ìjọ lọ, òun ló sì bínú jù nínú wa. Ó ní kí tíṣà yẹn wá gé okùn ìbàdí òun náà wò.

Ẹ kọ́ ọmọ yín ní ohun tó máa sọ. Tèmi ti mọ̀ ọ́n báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pe bàbá mi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.” Kò rí àgbà fín rárá. Àmọ́ bí fọ́ọ̀mù bá ti sọ pé Kristẹni ni bàbá yẹn, kí ló fẹ́ wá sọ bó bá dé? Ẹ sì má kọ́ ọmọ láti máa fa ọwọ́ aṣọ bo ìdè. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn ló sọ fún mi pé tíṣà kan ń wo ọwọ́ òun, mo sì ní kó fa aṣọ bò ó dáadáa. Fọ́ọ̀mù kan náà nìyẹn, mo kàn fi aṣọ kọ ọ́ ni.

A ti tún ìlà ẹ̀sìn kọ. Akọ̀wé bi mí pé èwo nínú méjèèjì, mo ní kò sí níbẹ̀. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Ìṣẹ̀ṣe sílẹ̀. Ọmọ mi gba bírò, ó kọ ọ́, ó fi gbogbo àmì sí i.

Orúkọ ló kù. Wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù, kí n gba ìwé wá. Ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ. Ọmọ mi ní òun máa bá mi lọ, òun fẹ́ rí ohun tí mo máa kọ.