Ìrìnàjò Mi sí Kàbbà: Níbi Tí Fíìmù ti Ń Bá Àwọn Tó Ni Ín Pàdé

Àwọn tó pè mí wá síbi ayẹyẹ fíìmù ní Kàbbà ti kìlọ̀ fún mi pé kí n tètè kúrò ní Ìlọrin, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ mi lójú ọ̀nà. Ọ̀mù-Àrán, Èrúkù, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Mọ̀pà, Kàbbà: ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Okun, àwọn Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, ń gbà wálé nìyẹn. Ibi tó dára níbẹ̀ dára, ibi tó bàjẹ́ sì ń dá ọkọ̀ lóró. Awakọ̀ wa ò dúró níbi tí èrò ò bá pọ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Òkè àpáta ló ń sìn wá lọ lọ́tùn-ún lósì títí a fi wọ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ààbò ojú ọ̀nà yìí náà ló jẹ́ kó jẹ́ pé ojúmọmọ ni wọ́n fi fíìmù hàn. L'Ékòó, alẹ́ ni irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná. Ní Kàbbà, òwúrọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó wá láti Ìyàrá, Mọ̀pà àti Bùnú lè délé kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n fi tapólì dúdú bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn náà, ooru sì mú wa gan-an. Ẹnì kan fa wáyà gígùn lọ sẹ́yìn ọgbà kó tó tan jẹnẹrétọ̀, kí ariwo rẹ̀ má baà bo ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn òṣèré lẹ́nu. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo ti jókòó sí gbọ̀ngàn tó tutù, tó lówó lórí, tí wọn ò ti ro ti ohùn tó bẹ́ẹ̀.

Ohùn sì ni kókó níbí. Kwárà ni ilẹ̀ yìí wà títí di ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ṣùgbọ́n yálà Kwárà ni o tàbí Kogí, ó ṣọ̀wọ́n kí á gbọ́ ẹ̀ka-èdè wa bíi Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ nínú fíìmù Yorùbá tí à ń rà. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé fíìmù wá fẹ́ yí ìyẹn padà. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn. Owó àpò wọn àti ti ẹbí ni wọ́n fi ṣe é.

Èyí tó rẹwà jù lójú nínú wọn ni eré kan nípa ọmọ ìyá méjì tó ń jà lórí oko kọfí bàbá wọn n'Íjùmú. Kámẹ́rà olówó ńlá ni wọ́n fi yà á, wọ́n sì rán dírónù gun orí àpáta Ògìdì. Ṣùgbọ́n òṣèré tó ṣe bàbá, Yorùbá Èkó ló ń sọ. Ìgbà tó ń kú lọ, tó ń pín ogún, ni àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí olùdarí rẹ̀ ni pé kó wá àgbà Ìjùmú kan tí kò ṣeré rí. Ojú rẹ̀ lè má mọ kámẹ́rà, ẹnu rẹ̀ ò ní purọ́.

Fóònù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ya tiwọn, ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Yàgbà. Wọ́n fi fóònù kejì pamọ́ sínú gèlè ìyá náà láti gba ohùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìran kí ohùn àti àwòrán lè bára mu nígbà tí wọ́n bá ń tò ó. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Kò sọ́rọ̀ kan tó sọnù níbẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ti Bùnú ni mo rántí jù. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ṣe é, nípa aṣọ ìpó, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn èèyàn pàtàkì. Ó ní sùúrù: kámẹ́rà rẹ̀ dúró lórí ọwọ́ ahunṣọ títí a fi mọ bí òwú ṣe ń kọjá. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan nínú fíìmù sọ pé àwọn ìyá wa ló ń hun ìpó. Bí iná ṣe tàn, ìyá àgbàlagbà kan dìde.

“Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Àwa obìnrin là ń hun aṣọ tó kù. Ìpó, ọkùnrin ló ń hun ún.”

Olùdarí náà kúnlẹ̀. “Ẹ ṣeun, Ìyá. N ó tún un ṣe.”

Alárìíwísí wo l'Ékòó ni ì bá mú ìyẹn? A ó yin iná, a ó yin kámẹ́rà, àṣìṣe náà ì bá sì bá fíìmù náà rìn yí ayé ká.

Nídìí iyán lọ́sàn-án, olùdarí fíìmù ìpó náà bi mí ní ohun tó ń gbé e lọ́kàn: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn ayẹyẹ kan kì í gba fíìmù táráyé ti wò. Ṣé mi ò ti ba nǹkan jẹ́ báyìí?” Òótọ́ ni pé àwọn ńlá kan fẹ́ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni fíìmù ti kọ́kọ́ jáde, àgàgà fíìmù gígùn. Ọ̀pọ̀ ayẹyẹ mìíràn ò kà á sí fún fíìmù kúkúrú, nítorí náà kéèyàn ka òfin kọ̀ọ̀kan kó tó sanwó ìforúkọsílẹ̀. Gbígbé odidi fíìmù sórí YouTube ló ń tètè tilẹ̀kùn. Ohun tí mo sì gbà á níyànjú jù ni pé kó máa fi èyí tí kò tíì parí han àwọn ará ilé. Àyẹ̀wò nìyẹn, kì í ṣe ìfilọ́lẹ̀. Ògúńdé àti Adé Love gbé fíìmù wọn káàkiri gbọ̀ngàn ìlú láyé ọjọ́un, wọ́n sì ń gbọ́ tẹnu èrò lójúkorojú. Kí ló dé tí a fi ní láti dúró de FESPACO, ayẹyẹ fíìmù Áfíríkà ní Ouagadougou lórílẹ̀-èdè Burkina Faso, tó ti wà láti 1969, kí ará Bùnú tó rí ara rẹ̀?

Ó ní ìyá tó dìde yẹn ti júwe bàbá kan fún òun, tó mọ bí wọ́n ṣe ń hun ìpó láyé àtijọ́. Bàbá náà ti darúgbó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí lòun máa gbé kámẹ́rà lọ bá a.