Ooru Nìkan Kò Tó: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Dídán Kúlà Prósẹ́sọ̀ Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ní kúlà kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú prósẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tutù, mú prósẹ́sọ̀ wálẹ̀ sí dígírì 70, tí kò sọ bí fáànù rẹ̀ ṣe pariwo tó, kò tíì sọ nǹkan kan. Kúlà tí kò dára náà lè mú nǹkan tutù tí a bá ti jẹ́ kí fáànù rẹ̀ máa sáré àsápajúdé.

Nítorí náà, nínú ariwo àti ooru, ẹ so ọ̀kan mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọn èkejì. Ohun tí mo fọwọ́ sí jù ni kẹ́ ẹ yí eré fáànù kúlà kọ̀ọ̀kan títí ariwo gbogbo wọn á fi dọ́gba, ká ní dB(A) 35 (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo; (A) túmọ̀ sí pé wọ́n wọ̀n ọ́n bí etí ṣe ń gbọ́ ọ), kẹ́ ẹ tó wá wo ooru. Tí eré fáànù bá di ìlọ́po méjì, atẹ́gùn tó ń gbé á di ìlọ́po méjì, àmọ́ ariwo á fi nǹkan bíi dB 15 gòkè. Bẹ́ẹ̀, dB 10 péré ti tó kí etí gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. Ẹ wo kúlà NH-D15 tí Noctua ti Austria gbé jáde ní 2014: fáànù mílímítà 140 méjì, tí ìyípo wọn kì í ju nǹkan bí 1500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Fáànù tó tóbi kò nílò kó sáré púpọ̀.

Ẹ kọ bí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń wọn ariwo ṣe jìnnà tó sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sún un láti mítà kan sí ìdajì mítà, dB 6 ló máa fi lé. Ẹ sì kọ́kọ́ wọn ariwo yàrá náà kẹ́ ẹ tó tan fáànù. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń ké, kò sẹ́ni tó lè wọn fáànù jẹ́jẹ́. Òru ni èmi máa ń ṣe tèmi. Ẹ fi etí yín gbọ́ ọ pẹ̀lú, torí fáànù méjì lè ní dB kan náà, kí ọ̀kan máa han gooro síni létí.

Ooru yàrá ṣe pàtàkì fún wa nílẹ̀ yìí ju ibòmíì lọ. Kúlà tó fi prósẹ́sọ̀ sí dígírì 65 nínú yàrá dígírì 21 máa sún mọ́ 75 nínú yàrá dígírì 31. Ẹ yọ ooru yàrá kúrò, 44 tó kù ni kẹ́ ẹ kọ.

Ibi tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ wà lára prósẹ́sọ̀ ìgbàlódé. Ryzen 9 7950X, bí àpẹẹrẹ, wọ́n ṣe é kó lè máa ṣiṣẹ́ dé dígírì 95. Bí kúlà bá ṣe dára sí i, ńṣe ni prósẹ́sọ̀ náà máa fa wáàtì iná sí i, tó sì máa sáré sí i, nígbà tí dígírì á dúró síbi kan náà. Ẹni tó bá ń wo dígírì nìkan á ní kúlà méjèèjì dọ́gba. Ẹ so wáàtì mọ́ iye kan, kẹ́ ẹ sì dúró títí ooru kò fi ní gòkè mọ́, torí irin ńlá kì í tètè gbóná tán. Lẹ́yìn náà, ẹ tú kúlà náà, ẹ nu thermal paste rẹ̀ (ọ̀dà tí a ń fi sáàárín kúlà àti prósẹ́sọ̀) kúrò, ẹ fi tuntun sí i, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n.