Bí wágọ̀nù ẹrù ṣe ń fi báàjì sọdá èbúté New York

Téèyàn bá wo máàpù, New Jersey àti Brooklyn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, omi èbúté nìkan ló là wọ́n. Àmọ́ èrò ni ihò abẹ́ odò Hudson wà fún, kì í ṣe wágọ̀nù ẹrù. Afárá ojú irin Poughkeepsie, tó gba orí odò Hudson kọjá, jóná ní 1974, nítorí náà ẹrù tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ ní láti lọ sọdá lẹ́bàá Selkirk, bíi máìlì 140 sí àríwá, kó tún sọ̀ kalẹ̀ padà.

New York New Jersey Rail, ilé iṣẹ́ rélùwéè tí Port Authority (àjọ tó ń bójú tó èbúté New York àti New Jersey) rà ní 2008, ló ń gba ojú omi. Ojú irin rẹ̀ kò gùn rárá: Greenville ní Jersey City lápá kan, 65th Street ní Brooklyn lápá kejì. Báàjì, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ tí wọ́n to irin sí lórí, ni wọ́n ń kó wágọ̀nù sí, tọ́gì, ọkọ̀ ojú omi kékeré tó lágbára, á sì tì í sọdá.

Kíkó wágọ̀nù wọ báàjì gan-an ni iṣẹ́. Omi yẹn ń kún, ó ń fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ẹnu afárá kékeré tó so ilẹ̀ mọ́ báàjì, ìyẹn ẹnu tó kọjú sómi, fi ń lọ sókè sódò. Wọ́n á mú un dọ́gba pẹ̀lú báàjì, wọ́n á dè é pinpin, wọ́n á sì yẹ ibi tí irin méjèèjì ti pàdé wò.

Nígbà tí wọ́n bá ń kó wágọ̀nù wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnì kì í wọ báàjì. Wágọ̀nù òfìfo pẹrẹsẹ ni wọ́n ń fi sáàárín òun àti ẹrù, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Wágọ̀nù kan tó kún lè wọn pọ́ùn 286,000. Bí wọ́n bá kún irin apá ọ̀tún tán kí wọ́n tó kan tòsì, báàjì á tẹ̀, á lọ́ ẹnu afárá, irin kan á ga ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ wágọ̀nù á sì yẹ̀ kúrò lójú irin. Díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń já a. (Gbogbo atukọ̀ ló mọ èyí. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ló máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ.)

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fún búrèkì ọwọ́ wágọ̀nù le, wọ́n á sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Búrèkì afẹ́fẹ́ nìkan kò tó: bí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnì kúrò, afẹ́fẹ́ ń jò díẹ̀díẹ̀, búrèkì á sì dẹ̀.

Ní Brooklyn, New York & Atlantic, ilé iṣẹ́ rélùwéè mìíràn, ló ń gbà á lọ sí Queens àti Long Island. Wágọ̀nù kan ń gbé ẹrù tírélà mẹ́ta sí mẹ́rin. Àmọ́ kùrukùru tàbí ìjì lè dá tọ́gì dúró, nítorí náà ẹrù tí kò kánjú ló yẹ kéèyàn fi ránṣẹ́ gba ibẹ̀.