Àyẹ̀wò ọdún 2024: Kútọnu ló gbà á tán

Ẹ kú ọdún o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìyèdún. Ẹ rántí pé ti èṣí, oṣù ní oṣù ni mo kà á fún yín, láti January dé December bíi ìwé akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Tọdún yìí ò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó lánàá pé kí n kọ January, ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ni pé ọ̀fìnkìn mú mi. Láti February lọ, Kútọnu, Kútọnu, Kútọnu ni, títí di ìjẹta tí mo di ẹrù mi sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Mile 2.

Ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà ni mo wà láti ọdún márùn-ún (ẹni tí kò bá mọ orúkọ wọn, kó fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, owó kan ṣì wà lọ́wọ́ wọn tí mò ń retí). Ṣájà, yápíìsì, páwà báǹkì àti àwọn fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì là ń tà. A ò bá Tecno, itel àti Infinix jà o, ilé kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Transsion ti Shenzhen, wọ́n ti gba ojú ọjà Áfíríkà kí tiwa tó jí lójú oorun, èérún tó bọ́ lábẹ́ tábìlì wọn là ń ṣà jẹ. Àwọn ará Ṣáínà ṣọdún wọn ní 10 February, fáktírì tì pa, ìgbà tí wọ́n wọlé padà ni Bàbá Olómi-Gbóná pè mí sí ọ́fíìsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ ọ́n, ọ̀gá wa tó máa ń mu omi gbóná fẹlifẹli nínú ooru Ìkẹjà nígbà tí NEPA bá mú iná lọ.

Ó ní àwọn ará òkè, àwọn ọ̀gá wa ní Ṣáínà, fẹ́ wọ Benin, èmi ni màá lọ bá wọn ṣí i. Mo ní èmi tí mi ò gbọ́ Faransé? Ó ní wọ́n ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Yorùbá wà níbẹ̀, Yorùbá ni mí, méi wèntí. Méi wèntí yẹn, kò séwu ló túmọ̀ sí, ẹ bá mi fi sọ́kàn, torí gbogbo ìgbà tí mo gbọ́ ọ lọ́dún yìí, ewu ló ń tẹ̀lé e bọ̀.

Ẹ sì rántí pé January yẹn gan-an ni ìjọba wa sọ pé àwọn ò gba sátífíkéètì Benin àti Togo mọ́, nítorí akọ̀ròyìn tó lọ gba dìgírì níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí mo ṣe sọ ọ́ nínú WhatsApp ẹbí pé Kútọnu ni wọ́n gbé mi lọ, Bùọ̀dá mi ní, "Másítàsì ni àbí PhD? Tó bá jẹ́ PhD, wàá lò tó oṣù mẹ́ta o." Màmá Ìmẹ̀kọ, ìyá àgbà wa, nìkan ni kò fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní, "Kétu ni wọ́n bí ìyá tèmi sí. Tó o bá débẹ̀, pè mí, fún ẹnì kan ní fóònù kó kí mi." Ìmẹ̀kọ àti Kétu ti Benin, ọ̀kan náà ni wọ́n, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fa ilà sáàárín wọn lọ́dún 1889, Màmá sì máa ń bínú sí ilà yẹn bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe. Mo ní màá débẹ̀ kí Easter tó dé.

Kí n sọ ti owó. Náírà ni wọ́n ń san fún mi. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, náírà kan ń gba CFA mẹ́ta, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná ní Benin, tọdún yìí, CFA kan ló ń gba náírà méjì ààbọ̀. Èmi tí mò ń rìn ní Ìkẹjà bí ọ̀gá pẹ̀lú ₦280,000, mo kọjá bọ́dà Sèmè, mo di ẹni tó ń gba 112,000 CFA. Owó tó kéré jù tí òfin Benin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́, 52,000 ni. Yàrá tí mo gbà ní Akpakpa, 35,000. Nígbà tí owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù tiwa nílé di ₦70,000 ní July tẹ́ ẹ̀ ń jó káàkiri, mo ṣírò ó, 28,000 CFA ni, mi ò kọ nǹkankan síbẹ̀, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Ìgbà tí mo sunkún lójú fídíò ní June ni wọ́n tó yí owó mi sí CFA. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ sunkún ọ̀hún o, nǹkan mìíràn ló fà á, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i.

Ìpàdé wa gan-an ẹ̀gàn ni. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ní Shenzhen, aago méjì òru ni ní Kútọnu. Màá wọ súweta sí orí ìró, màá tan iná, màá máa sọ Ṣáínà tí mo kọ́ ní UNILAG lálaalẹ́, bó ṣe mọ náà nìyẹn, "bẹ́ẹ̀ ni", "mo gbọ́" àti "ọ̀la". Ìyá onílé mi rò pé Yahoo ni mò ń ṣe. Wọ́n kànlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò bá ọ wí o, ṣùgbọ́n tówó ọ̀hún bá jáde, rántí owó omi."

Ní ti Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnu tí wọ́n ń pè ní Tokpa, òótọ́ ni pé Yorùbá wà níbẹ̀, Nàgó ni wọ́n ń pè wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní mo ń ta ṣájà, wọ́n kàn ń wò mí ni. Ọmọdé kan ló gbà mí, ó ní, "Ṣajẹ̀ẹ̀ ni wọ́n ń wí." Fóònù, pọtábù. Ọpẹ́lọpẹ́ Ìyá Alájàṣẹ́ tó fún mi láàyè nídìí ìsọ̀ wọn láìgba kọ́bọ̀, tí wọ́n sì ń pè mí ní "Ṣinúà wa", ìyẹn ará Ṣáínà wọn, bí mo ṣe dúdú tó yìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti pósítà tá a fi polówó ọjà wa, torí àwọn kan ti ń bèèrè. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé "Ẹ ṣọ́ owó yín, ẹ ra ojúlówó." Mo fi àmì sí i láìku ẹyọ kan, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń ṣe àwòrán fún wa ní Shenzhen. Àwọn náà ní àmì ohùn o, tí wọ́n bá fẹ́ fi ABD kọ èdè wọn, á, à, ó, ò, gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Àmì ìsàlẹ̀ ni wọn ò ní. Ni pósítà 500 bá dé, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ti di àpótí: "□ □□ owó yín, □ ra ojúlówó." Láti òkèèrè, ohun tó hàn ketekete kò ju OWÓ YÍN lọ, bíi lẹ́tà tí àwọn adigunjalè ń kọ sí àdúgbò láyé ijọ́un. Mo fi fótò ránṣẹ́, ọ̀gá ní chàbuduō, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìyá Alájàṣẹ́ kó gbogbo ẹ̀, wọ́n fi dí ihò ara páànù. Nígbà tá a wá fẹ́ tún un tẹ̀, àwọn Nàgó Benin tún ní èmi gan-an ò kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ wọn, ɛ àti ɔ ni tiwọn, sh ni wọ́n fi ń kọ ṣ. A gbọ́ ara wa yékéyéké lẹ́nu o, orí bébà nìkan la ti di àjèjì.

June. Mo ti kọ ìlà méjì nípa ẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní fi púpọ̀ kún un. Fóònù tí Màmá Ìmẹ̀kọ ń lò, èmi ni mo rà á fún wọn, ọ̀kan nínú àwọn kékeré wa tó ní tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣájì ẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n lọ lọ́jọ́ Wednesday. Nígbà tí mo fi máa dé lọ́jọ́ kejì wọ́n ti sin wọ́n, ẹ mọ̀ pé ìsìnkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹni tó há sí bọ́dà. Ní Sunday tó tẹ̀lé e, mo rí fóònù ọ̀hún lójú fèrèsé, mo gbé e, bátìrì ẹ̀ ṣì ku ìlà méjì. A máa ń kọ ọ́ sára páálí pé ọ̀sẹ̀ kan ló ń lò, èmi tí mò ń tà á gan-an rò pé irọ́ ọjà ni. Kì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó kàn sí mi.

August ni mo tó dé Kétu. Target ọjà ló gbé mi lọ, ẹ má jẹ́ n purọ́. Mo kọjá níwájú ibodè àtijọ́ wọn, Àkàbà Ìdènà, mo ń wá ṣọ́ọ̀bù fóònù, ni ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ bá kí mi. Bí ìyá yẹn ṣe la ẹnu báyìí, ohùn Ìmẹ̀kọ ló jáde. Mi ò mọ ìgbà tí mo tẹ nọ́ńbà Màmá. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ìyá mi ló gbé e, ọwọ́ wọn ni fóònù yẹn wà báyìí. Mi ò sọ nǹkankan, mo gbé e fún ìyá ẹlẹ́kọ, ìyá ẹlẹ́kọ kí wọn kíkí, ó bèèrè ilé, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè oko. Nígbà tí mo gbà á padà, ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "CFA ti di èló lónìí?" Mo ní ó ti di náírà méjì àti ọgọ́ta kọ́bọ̀, Màmi. Wọ́n ní ó mà ga o.

Lẹ́yìn ìyẹn ni September. Láti ìgbà tí mo ti dé Kútọnu ni ọjà wa ò ti rìn, àwọn ará òkè ní mi ò ṣiṣẹ́, èmi náà fẹ́ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Páwà báǹkì tá à ń tà ní 9,000 CFA, àwọn kan ń tà á ní 7,500 lẹ́yìn ìsọ̀ wa, ojúlówó tiwa, kì í ṣe ayédèrú. Láyé àtijọ́, Kútọnu ni wọ́n ti ń fa ọjà wọ Èkó. Náírà ṣubú, ó wá yí padà, ẹni tó bá ní CFA á wọ Èkó, gbogbo nǹkan á di ọ̀pọ̀ lójú ẹ̀ bíi tọ́fẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní orúkọ fún un, chuànhuò, ọjà tó sá kúrò ní ìlú tí wọ́n yàn fún un lọ bẹ́ ẹlòmíì lọ́rùn. Wọ́n ní kí n ra páálí kan kí n wo nọ́ńbà ara ẹ̀. Mo rà á, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ni mo rí? Ìbuwọ́lù mi. Èmi ni mo fọwọ́ sí i kó jáde ní sítọ́ọ̀ Ìkẹjà, ní January. Oṣù tí mo sọ pé mi ò rántí ló wá pàdé mi ní Tokpa.

Ta ni mo fọwọ́ sí i fún? Alhaji. Ẹ̀yin náà mọ Alhaji tó ń ta ọjà wa ní Èkó, Alhaji tí mo fi ń yangàn níbí lọ́dún tó kọjá pé èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ní March ló pè mí, "Àǹtí mi, èló lẹ̀ ń tà á lọ́hùn-ún?" Èmi náà, ọmọlúàbí, mo kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, mò ń gbọ́ ìró bírò. Nígbà tí mo pè é pé irú èyí wo ni, ó ní, "Ẹ̀ ń bínú ni? Ṣé kọ́ńpìnì kan náà kọ́ ni?" Mo wá èsì títí, mi ò rí.

Sèmè ni páálí yẹn gbà kọjá o. Sèmè yìí kan náà ni páìpù epo tí CNPC, ilé-iṣẹ́ epo Ṣáínà, fà láti Agadem ní Niger já sí, ó fẹ́ẹ̀ tó 2,000 kìlómítà. Ní May, Niger kọ̀ kò ṣí bọ́dà ẹ̀ fún Benin, Benin náà ní ọkọ̀ ojú omi kankan ò ní gbé epo yẹn lọ. Ìjà bọ́dà dá epo ìjọba méjì dúró, kò dá Alhaji dúró.

Mo fi fótò páálí ránṣẹ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo fi ránṣẹ́, mo rò pé wọ́n á sọ pé kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ààrẹ Áfíríkà wà ní Beijing, Xi Jinping ní iṣẹ́ mílíọ̀nù kan ń bọ̀ fún Áfíríkà, gbogbo yín ń fi ránṣẹ́ sí mi pé orí mi ti là. Èsì tèmi dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin: ọjà Èkó ti pọ̀ sí i gan-an lọ́dún yìí, kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ti Benin pa ní ìparí November. Wọ́n fún Alhaji ní àwo wúrà. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn kọ ọ̀rọ̀ ìkíni tó wà lára ẹ̀, torí èmi ni mo mọ Yorùbá fi àmì sí. Mo kọ ọ́. Gbogbo àmì ìsàlẹ̀ ló pé.

Bàbá Olómi-Gbóná náà ti lọ, ọdún mẹ́fà tó lò tó gẹ́ẹ́, ó ní ọmọ òun obìnrin ń pe òun ní "àǹkù" lórí fídíò. Ó fi fíláàsì ẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ti ń mu omi gbóná báyìí, ẹ má bi mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi ohùn ránṣẹ́, ó ń bèèrè èló ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Allada ní Benin, torí láti 1 December 2024, Ṣáínà ò gba owó bọ́dà mọ́ lórí ọjà àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí aláìní jù lágbàáyé tí wọ́n jọ ń ṣe dáadáa. Benin wà níbẹ̀. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, wọ́n ní a ò tòṣì tó bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi dúpẹ́. Mo ti fi iye ẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó nìkan ni o, mi ò tíì sọ pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Torí ọ̀gá tuntun ti dé, ọmọdé ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ní Lomé ló kàn. Mo ní mi ò gbọ́ Ewe. Ó ní wọ́n ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Yorùbá wà níbẹ̀, méi wèntí. Wọ́n fún mi di 6 January kí n fi dáhùn, mo sì ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé CFA ni. Ẹ bá mi fi àdúrà sí i, ẹ má fi ìmọ̀ràn sí i.

Ọ̀la ni mò ń lọ Ìmẹ̀kọ. Ìyá mi pè láàárọ̀ yìí pé fóònù Màmá ti kú pátápátá, kí n mú ṣájà bọ̀. Mo ní Màmi, ṣájà àbí ṣajẹ̀ẹ̀? Wọ́n ní èyíkéyìí tí mi ò bá ti ní gbàgbé.