Ta Ló Ń Kọ́ Wọn Nígbà Tí Gọ́ọ̀mù Ń Gbẹ?

Ẹ̀yin àbúrò mi nínú iṣẹ́,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì kúkúrú kejìlá tí mo kọ látìgbà tí mo ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, méjì nínú yín gbé fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba ìfọwọ́sí kọ́ọ̀sì tuntun wá kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ yìí ni mo sì bá nínú méjèèjì. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù, nítorí náà mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d.

Èkíní: níbi tí wọ́n bá ti béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe, ẹ yé kọ "yóò mọ̀" àti "yóò lóye". Ta ló máa wọ inú orí ọmọlọ́mọ lọ yẹ òye wò? Nígbà tí Benjamin Bloom, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ to ìmọ̀ sí ìpele mẹ́fà ní 1956, ọ̀rọ̀ orúkọ ni wọ́n fi pe ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó tún un ṣe ní 2001 ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe. Òótọ́ ni pé "lóye" ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìpele nìyẹn. Ohun tó máa fi òye náà hàn ni kí ẹ kọ: yóò ṣàlàyé, yóò fi méjì wéra, yóò fi òwú rán abala mẹ́rin pọ̀.

Èkejì: ẹ ṣírò iye akẹ́kọ̀ọ́ tó kéré jù tí owó tí wọ́n bá san fi lè gbé ìnáwó kọ́ọ̀sì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa fagi lé e bí wọn ò bá pé.

Ẹ̀kẹta ni wákàtí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Títún ìwé tó ti já ṣe ni kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ mi. Sátidé mẹ́fà ni, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18. Nígbà yẹn, iṣẹ́ wákàtí 30 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ń kà sí kírẹ́díìtì kan, mo sì fẹ́ kí tèmi jẹ́ méjì, ìyẹn wákàtí 60. Ó ku 42. Bẹ́ẹ̀, béèyàn bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé, yóò gbé ohun tó wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Mo ka wákàtí méje fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹfà, 42 sì pé. Mo kọ 60 sínú àpótí wákàtí lórí fọ́ọ̀mù, mo pe 42 yẹn ní "iṣẹ́ àdáṣe". Mi ò rò pé irọ́ ni mò ń pa. Lójú mi, ìwé tó ń gbẹ wà lára iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kò sí nídìí rẹ̀.

Mo gbé fọ́ọ̀mù náà fún ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nínú ìgbìmọ̀. Ó ṣí i wéréwéré, ó ní, "Ó dáa, máa bá a lọ." Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ni mo gbójú lé tí mo fi ní kí wọ́n lẹ ìpolówó, kírẹ́díìtì méjì gàdàgbà lórí rẹ̀. Èèyàn 23 sanwó.

Lọ́jọ́ ìpàdé, obìnrin kan tó jókòó létí fèrèsé ṣí ojú ewé kẹta, ó na ìka sí 42. Ó rọra bi mí pé: "Ta ló ń kọ́ wọn nígbà tí gọ́ọ̀mù ń gbẹ? Àwọn fúnra wọn ńkọ́, kí ni wọ́n ń ṣe?"

Ẹnu mi wọhò. Mo wo ọ̀gá tó ní ó dáa. Ó sorí kọ́, ó ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí tèmi wọ́ lọ́jọ́ náà, àgbà sì wà lọ́jà. Ọdún ti gorí ọdún, inú ṣì ń bí mi. Mi ò ní kó gbèjà àṣìṣe mi. Kó ṣáà sọ pé fọ́ọ̀mù náà ti kọ́kọ́ dé ọwọ́ òun.

Wọ́n dá a padà. Ìpàdé tó kàn di oṣù mẹ́ta, Sátidé àkọ́kọ́ sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èmi fúnra mi ni mo pe àwọn 23 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn, òṣìṣẹ́ ilé ìkówèésí, ti gbé ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan wá fún ìdánrawò, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, òwú ń yọ. Kírẹ́díìtì méjì yẹn ló kù fún un kí ìgbéga rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó jáde. Kò bú mi. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò tíì fọwọ́ sí i nígbà tí ẹ gba owó wa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kó ìwé náà sínú ọ̀rá, ó so ó, ó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìpolówó ṣíwájú ìfọwọ́sí. "Ó ti ń bọ̀" kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ìwé tó ti ọwọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ jáde nìkan ni. Ẹ má sì wo ti ibòmíràn kọ: nínú ECTS, ètò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Yúróòpù fi ń ka kírẹ́díìtì, kírẹ́díìtì kan jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, ní Bìrìtéènì, 10 ni, CEU, òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, jẹ́ 10 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wákàtí ìkópa nínú ẹ̀kọ́ gan-an nìkan ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà ọ̀kan sínú fọ́ọ̀mù èkejì ti ṣìnà.

Nígbà tí mo tún kọ́ọ̀sì náà kọ, mo yọ gbígbẹ gọ́ọ̀mù kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ìwé mẹ́ta tó bàjẹ́, yóò ya àwòrán ibi tó ti bàjẹ́, yóò kọ ohun tó ṣe sí i àti ìdí rẹ̀, èmi yóò sì fún un ní máàkì. Wákàtí 12 nìyẹn. Tí a bá fi kún 18, ó di 30: kírẹ́díìtì kan péré. Obìnrin etí fèrèsé ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè láti fọwọ́ sí i. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn 23 náà, mẹ́sàn-án ló padà. Òṣìṣẹ́ ilé ìkówèésí yẹn kò sí nínú wọn.

Ẹ̀yin méjì tí fọ́ọ̀mù yín wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi bíró pupa yí àpótí wákàtí po. Ọ̀kan ka àkókò tí ọkọ̀ fi ń gbé wọn lọ síbi àbẹ̀wò. Èkejì ka àkókò tí ìkòkò fi wà nínú iná. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ gbé e padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Màá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo bá sì ní ó dáa, màá kọ ọ́ sórí rẹ̀, màá fi orúkọ mi sí i, ẹ ó sì gbé e lọ sí ìpàdé bẹ́ẹ̀.