Ojú Òwú Láàárọ̀ Yìí

Òwú, ajá mi funfun, ló jí mi lónìí. Ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mò ń fi nǹkan falẹ̀. Ọjọ́ 23 rèé tí a ti ń nu ojú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo gbé e lé itan lẹ́bàá fèrèsé, mo fi àtàǹpàkò la irun abẹ́ ojú rẹ̀, mo sì rí ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí: ní ìdí irun, níbi tó ti ń hù lára awọ, funfun ti yọ. Kò gùn tó ìdajì èékánná. Orí irun náà ṣì pupa rúsúrúsú bí irin tó dípẹtà, àfi ìdí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Mo pariwo. Ajá ọ̀hún ò tilẹ̀ bìkítà.

N kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí sójú, àléébù mi nìyẹn. Nígbà tí ìlà pupa méjì yẹn kọ́kọ́ jáde lẹ́bàá imú rẹ̀, ìdọ̀tí ni mo pè é, mo sì gbé ọṣẹ tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ọṣẹ ta sí i lójú, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó sá wọ abẹ́ àga. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mi dé imú rẹ̀. Ojú wá pọ́n, omijé wá di ìlọ́po ti tẹ́lẹ̀. Omi tí mo ní mo fẹ́ lé, èmi gan-an ni mo tún lọ pè é wá.

Dókítà ẹranko tí mo gbé e lọ bá kò bá mi wí. Ì bá bá mi wí, ì bá sàn. Ó kán oògùn aláwọ̀ kan sí Òwú lójú, ó pa iná yàrá, ó tan iná búlúù kékeré sí i, àwọ̀ náà sì ń dán bí ewé tútù. Ó wo ẹyinjú yíká, kò sí ojú egbò kankan. A dúró díẹ̀, àwọ̀ ewé náà yọ ní ihò imú méjèèjì.

“Ẹ rí i, ọ̀nà omijé rẹ̀ ò dí,” ó ní. “Igun ojú ló ti ń gba ihò kékeré bọ́ sínú imú. Ẹ wá wo ibí yìí.” Ó tọ́ka sí irun bíi márùn-ún, mẹ́fà, láàárín imú àti ojú, tó tẹ orí kan ẹyinjú gan-an. “Ẹ̀yin náà, bí irun bá ń gún yín lójú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ẹ ò ní sunkún?”

N ò rí èsì fọ̀.

Ó là mí lóye nípa àwọ̀ yẹn náà. Bí ara bá ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní pọ́fírìn a máa ṣẹ́kù, omijé àti itọ́ sì wà lára ibi tó ń gbà jáde. Tó bá gbẹ sára irun, tí ìmọ́lẹ̀ ń kàn án, á pupa. Abájọ tí irun ẹsẹ̀ tí Òwú máa ń lá fi pupa! Ajá dúdú ń da irú omijé kan náà, irun rẹ̀ ló ń bá a bo àṣírí. Irun tó bá sì ti pupa, kò sí fífọ̀ tó lè dá a padà. Àfi ká gé e, tàbí ká dúró kí òmíràn hù.

Iṣẹ́ mi kò wá le mọ́. Omi tí mo sè tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo rẹ òwú (ẹ má rẹ́rìn-ín, òwú ni mo fi ń nu Òwú), mo gbé e lé ipin tó ti gan, mo ka ení, èjì dé ogún kó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fà á láti igun ojú wá sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Òwú ojú ọ̀tún kì í kan tòsì. Ṣùgbọ́n nínù kọ́ niṣẹ́, kó gbẹ niṣẹ́. Inú irun tó ń wà ní tútù ni ìwúkàrà (yeast), ohun alààyè kékeré tí ojú ò rí, ti máa ń pọ̀, á sì máa rùn. Mo máa ń fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́, n kì í fi gbo ó. Irun tó ń gún un yẹn, dókítà ló gé e. Sísọ́ọ̀sì wà nílé, ṣùgbọ́n ajá tó lè mirí nígbàkigbà àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, n ò fẹ́ kí wọ́n pàdé.

Àwọn ènìyàn ti bá mi dá oríṣiríṣi ìmọ̀ràn. Ẹnìkan ní hydrogen peroxide, oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ egbò, òmíràn ní ọtí kíkan. Lẹ́bàá ẹyinjú? Èmi tí mo ti rí ohun tí ọṣẹ ṣe! Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ. Ní 2014, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa irú wọn tó ní tylosin, oògùn apakòkòrò àrùn, nínú láìgba àṣẹ. Kí ajá máa gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mì lójoojúmọ́ nítorí ẹwà tí kò bèèrè? Rárá o. Bó bá sì jẹ́ ojú kan ló ṣàdédé ń ṣomi, tí ajá ń di ojú náà pọ̀, tàbí tí ipin aláwọ̀ ewé ń jáde, n ò ní fọwọ́ kan òwú. Ọ̀dọ̀ dókítà tààrà ni.

Láàárọ̀ yìí, kò tilẹ̀ sá. Ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́ mi, ó dijú, títí mo fi nu méjèèjì tán, tí wọ́n gbẹ táútáú. Ó wá fò sílẹ̀, ó lọ ki gbogbo imú bọ abọ́ omi, ó gbójú sókè, omi ń kán lára irun rẹ̀ tó-tó-tó títí dé abẹ́ ojú.

Mo tún gbé aṣọ.